Fèrè Bíńgò: bí a ṣe kọ́ ajá wa láti máa wá nígbà tí a bá pè é

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyí: ajá kan tó ti lé ní ọmọ ọdún kan, ajá ìbílẹ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ ajá òyìnbó díẹ̀ lára, pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Bíńgò lorúkọ rẹ̀. Ìdílé kan tó kó lọ sí Kánádà ló fi í sílẹ̀ fún wa ní Ajíbọ́dẹ, lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn. Ara rẹ̀ le, kì í bu èèyàn jẹ, kì í yàgbẹ́ sínú ilé. Àmọ́ bó bá ti yọ orí lẹ́nu géètì báyìí, ó tán. Bí o bá ní "Bíńgò, wá!", á dúró, á wò ọ́ lójú dáadáa, á sì kẹ́yìn sí ọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí jẹ́ ládùúgbò tiwa. Màrúwà àti ọ̀kadà kì í tẹ bíréèkì nítorí ajá. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù dìgbòlugi, ìbẹ̀rù náà sì tọ́, torí pé bí àmì àìsàn yẹn bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn yè é, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn jù lọ nílẹ̀ wa. Nítorí náà, ajá tó bá ń sáré tẹ̀ lé ọmọ ilé-ìwé, òkúta ni wọ́n máa fi pàdé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dúró béèrè bóyá eré ló ń bá ọmọ náà ṣe. Àwọn tó ń jí ajá gbé náà ò ṣaláìsí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe ni pé wọ́n á de ajá mọ́ ṣéènì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ajá tó wà lórí ṣéènì lójoojúmọ́ kò ní kọ́ nǹkan kan ju kó máa gbó lọ, ọjọ́ tí ṣéènì náà bá já, kò ní dúró.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ní Mọ́kọ́lá. Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, èyí tí yóò máa gbà lọ́dọọdún, wọ́n fún un ní oògùn aràn, wọ́n sì yọ àwọn eégbọn tó wà nínú etí rẹ̀. Mo ní kí dókítà yẹ etí náà wò dáadáa, torí èèyàn lè máa pè ajá ní olóríkunkun nígbà tó jẹ́ pé kò gbọ́rọ̀ ni. Etí rẹ̀ pé.

Níbo ni nǹkan ti bàjẹ́?

Mo bá àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe máa ń pè é àti ohun tí wọ́n máa ń pè é fún. Èsì wọn tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. "Wá" ni wọ́n ń sọ fún un láràárọ̀ kí wọ́n tó fi ṣéènì sí i lọ́rùn. "Wá" ni wọ́n ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ó sì kórìíra omi. "Wá" ni wọ́n ń sọ bó bá ti jáde lọ tó sì padà, tí wọ́n fẹ́ fi pàṣán kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ajá yìí ò ya dìndìnrìn rárá. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ yanjú: bí o bá gbọ́ "wá", sá.

Ọ̀rọ̀ tó ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, títún un ṣe máa ń gba àkókò ju kéèyàn gba òmíràn lọ. Mo pa "wá" tì pátápátá nínú ilé wa. Orúkọ rẹ̀ náà ò ṣeé lò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé Bíńgò pọ̀ ní ojúlé-ojúlé lópòópónà wa, gbogbo ọmọdé ló sì ń ké "Bíńgò! Bíńgò!" láti òwúrọ̀. Ohùn tuntun ni a nílò, èyí tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ládùúgbò.

Irinṣẹ́

Fèrè oníke ni mo rà, irú èyí tí kò ní hóró nínú, torí hóró a máa lẹ̀ bí itọ́ bá wọ̀ ọ́. Ohùn èèyàn a máa yí padà. Bí inú bá ń bí mi, bí ẹ̀rù bá ń bà mí, bí ọ̀fìnkìn bá mú mi, ajá á gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Fèrè kì í bínú. Ó sì ń dún jìnnà ju igbe lọ, àwọn ìbejì mi náà lè fọn ọ́n kó dún gẹ́lẹ́ bí èmi ṣe ń fọn ọ́n: fíì, fíì, fíì, kúkúrú-kúkúrú. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra irú fèrè tí ajá nìkan ń gbọ́. Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1876. Òótọ́ ni pé etí ajá ń gbọ́ ìró tó tín-ín-rín dé nǹkan bí 45,000 hertz, tí etí èèyàn kò kọjá 20,000. Àmọ́ mo fẹ́ fèrè tí èmi náà ń gbọ́, kí n lè mọ ìgbà tó bá dí.

Okùn gígùn: mítà 10, okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó ìka ọmọdé. Kò sí kókó ní ìdí rẹ̀, kó má baà há sí ìdí igi.

Bẹ́líìtì àyà: aṣọ rírán niṣẹ́ mi, nítorí náà mo rán an fúnra mi. Okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe apá báàgì ọmọ ilé-ìwé ni mo lò, fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, pẹ̀lú òwú náílọ́ọ̀nù àti abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18. Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán àǹkárá máa ṣẹ́ níbi tí okùn bá ti di ìpele mẹ́ta. Níbi tí òrùka irin wà, mo rán an yípo ní igun mẹ́rin, mo sì tún fa ìlà méjì dábùú ara wọn láàárín. Bí òwú ìlà kan bá já, ìyókù á ṣì dì í mú. Mo fi fóòmù díẹ̀ sí abẹ́ apá iwájú, kó má bó o lára. Òrùka náà wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín èjìká méjèèjì. Mi ò jẹ́ so okùn gígùn mọ́ ọrùn ajá: bó bá sáré dé ibi tí okùn ti tán, tó jẹ́ pé ọrùn ló gba gbogbo agbára ìdádúró náà, ó lè ṣèṣe lọ́fun tàbí ní egungun ọrùn.

Ẹran: ẹ̀dọ̀ màlúù láti ọjà Bódìjà. Omi lásán ni mo fi bọ̀ ọ́. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, pàápàá jù lọ kò sí àlùbọ́sà, torí pé àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Mo gé e wẹ́wẹ́, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rà á, nítorí iná ìjọba kò dúró débi tí èèyàn á fi kó ẹran sí fìríìsà. Òfin kan wà lórí ẹ̀dọ̀ yìí: Bíńgò kò gbọdọ̀ rí i jẹ níbòmíràn àyàfi níbi tí fèrè bá ti dún. Ẹ̀bà àti egungun ẹja rẹ̀ ń lọ bó ṣe ń lọ, àmọ́ ẹ̀dọ̀, ti fèrè ni.

Pálọ̀

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní ìpè nínú rárá. Bíńgò dúró níwájú mi, kò sí ibi tó ń lọ. Mo fọn fèrè, ẹ̀dọ̀ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Mo dúró díẹ̀, mo tún fọn ọ́n, ẹ̀dọ̀ tún dé. Bẹ́ẹ̀ nìkan. Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ló fi han aráyé pé ajá tó bá ń gbọ́ ìró kan ṣáájú oúnjẹ léraléra á bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ nítorí ìró náà nìkan. Èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ló ṣe kókó. Bí mo bá kọ́kọ́ na ẹ̀dọ̀ sí i kí n tó fọn fèrè, imú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ kò kọ́ nǹkan kan. Nítorí náà ọwọ́ mi wà lẹ́yìn, ọ̀rá ẹran wà nínú àpò búbá, fèrè ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

A ṣe é níwọ̀nba lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí oúnjẹ tó kan ilẹ̀ fún àwọn ọmọ àti nígbà tí wọ́n bá ti sùn. Àmì tí mo ń retí dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó sùn fọnfọn lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Mo fọn fèrè láti kíṣìn. Kí n tó gbé e kúrò lẹ́nu, ó ti wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ń wo ọwọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé fèrè náà ti ní ìtumọ̀.

Òfin ilé

Apá yìí ló gba làákàyè jù, kò sì kan ajá rárá. Àwa èèyàn ilé ló kàn.

Fèrè kì í dún láìsí ẹran lọ́wọ́ ẹni tó ń fọn ọ́n. Fèrè kì í dún nítorí ìwẹ̀, nítorí oògùn, tàbí nítorí ṣéènì. Bí a bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, a ó rìn lọ bá a níbi tó wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń fọn ọ́n. Bí kò bá wá, a kì í tún un fọn, a máa lọ bá a ni, a ó sì mọ̀ pé ibi tí a ti pè é ti le jù fún un. Ẹni tó bá ń fọn ọ́n léraléra ń kọ́ ajá pé ìpè àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Èyí tó ga jù: bó bá wá, ì báà pẹ́, ì báà ti ṣe ohun tó ṣe, ire ló gbọ́dọ̀ bá níbẹ̀.

Táyé fẹ́ máa fọn ọ́n fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi ajá ṣe ìran. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé fún un pé fèrè yìí dà bí owó àjọ: gbogbo ẹ̀dọ̀ tí a bá fún un lónìí, a ń dá a síbẹ̀ ni, ọjọ́ tí a máa kó o, a ò mọ̀ ọ́n. Ó yé e. Ẹni tó ṣòro fún jù ni Bàbá Ìbejì. Lọ́jọ́ kan Bíńgò jẹ apá kan bàtà wọn, wọ́n na ọwọ́ sí fèrè láti pè é wá síwájú bàtà náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fèrè pè é sídìí bàtà yẹn."

"Kó má wá mọ ohun tó ṣe?"

"Kò ní mọ̀ ọ́n, Bàbá Ìbejì. Ohun tó máa mọ̀ ni pé ó wá, ìyà sì jẹ ẹ́."

Wọ́n dá fèrè padà sórí ìṣó. Inú mi dùn sí wọn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí bàtà tuntun ni.

Bàbá onílé wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọdẹ ni bàbá tó bí wọn, ní ìhà Òkè-Ògùn. Wọ́n jókòó síwájú ilé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n rí mi tí mò ń fọn fèrè nínú ọgbà.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o ò gbọ́ ọ rí ni? Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí kò ní sọnù ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tó fi ń gbọ́?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn kì í ṣàdédé fọn fèrè. Láti ìgbà tí ajá bá ti wà lọ́mọ kékeré ni wọ́n ti ń fi fèrè gbé oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ fún un. Nínú igbó, bí wọ́n bá pa ẹran, ajá tó bá jẹ́ fèrè á jẹ nínú ìfun ẹran náà kí okùn tó kàn án lọ́rùn. "Bàbá mi kì í na ajá tó bá wá," ni wọ́n wí, "bó pẹ́, bí kò pẹ́."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ òwe yẹn, ọdẹ ni mo máa ń rò. A ti sọ ọ́ di ìdájọ́ lórí ajá, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí fèrè wà lẹ́nu rẹ̀ ló ní iṣẹ́ púpọ̀ jù lọ láti ṣe.

Ẹ̀yìnkùlé

Ibí ni ìpè gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Tèmi ti Kẹ́hìndé la máa ń ṣe é: ó dúró lẹ́bàá kànga, mo dúró lẹ́bàá okùn aṣọ, a ń pè é síra wa. Bí Bíńgò bá ti yí orí sí mi, mi ò ní sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni mo máa ń sá sí, torí ajá a máa lé ohun tó ń sá lọ, a sì máa yẹra fún ohun tó ń dojú kọ ọ́. Bó bá dé tòsí, mo lóṣòó. Èèyàn tó nà ró tó sì tẹ̀ bò ó lórí ń dẹ́rù bà á, pàápàá irú ajá tí wọ́n ti fi pàṣán pàdé rí.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń fojú fò: dídì í mú. Ajá mìíràn á wá lóòótọ́, á sì dúró síbi tí ọwọ́ rẹ ò ti lè tó o, á máa jó yí ọ ká. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ bẹ́líìtì àyà rẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ tó wọ ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ lára, ẹran lẹ́nu, lẹ́yìn náà, "Ó yá, lọ ṣeré." Jíjẹ́ kó padà lọ yìí ṣe kókó bíi ẹran náà. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìpè ló ń fòpin sí eré, ajá tó lọ́pọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìpè wa ló parí sí pé kó padà síbi tó ti ń fi imú túlẹ̀.

Pápá

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa máa ń dá páropáro lópin ọ̀sẹ̀, gáàdì ibẹ̀ sì gbà wá láyè. Ewúrẹ́ ló kún ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án.

Bíńgò wọlé, ó rí ewúrẹ́, gbogbo ara rẹ̀ nà gbọnrangandan. Bí mo bá fọn fèrè nígbà yẹn, mo ti sọ ọ́ nù. A rìn sẹ́yìn, a tún rìn sẹ́yìn, títí a fi dé ibi tó ṣì ń rí wọn ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń yí sí mi bí mo bá fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fa okùn mítà 10 kiri lórí koríko, okùn náà rọ̀, mi ò fà á. Iṣẹ́ okùn ni pé kó má ṣe lè jẹ́ èrè fún ajá láti kọ ìpè. Ìpè fúnra rẹ̀, fèrè ló ni ín. Bó bá fẹ́ já lọ, ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ okùn mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán di í mú, náílọ́ọ̀nù tó ń sáré kọjá nínú àtẹ́lẹwọ́ ń jó bí iná ni. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́.

Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan a sún mọ́ ewúrẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà mìíràn a tún máa padà sẹ́yìn. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran lójú títì máa ń sọ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Imú ajá ní ohun tó ń gba òórùn tó ju mílíọ̀nù 200 lọ, tiwa kò ju bíi mílíọ̀nù 5 tàbí 6 lọ. Ohun tí ẹ̀dọ̀ tèmi ń bá figagbága ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ò lè mọ bó ṣe pọ̀ tó. Mi ò bá a jà sí i. A kàn máa ń ṣe èyí tó rọrùn, a ó sì máa lọ sílé.

Ìgbà kan wà tí ọmọ ewúrẹ́ kan, tí kò tíì pẹ́ láyé, bẹ́ gìjà kọjá níwájú rẹ̀. Ó gbéra. Mo fọn fèrè. Ó yí padà lórí eré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fa erùpẹ̀ sókè, ó sì wá bá mi. Ọ̀rá ẹran náà ni mo tú fún un, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan títí tó fi tán, mo ń yìn ín, Kẹ́hìndé ń pàtẹ́wọ́. Irú ìpè bẹ́ẹ̀, èèyàn kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan san án.

Géètì

Okùn ṣì wà lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí a fi ṣe géètì. Bàbá Ìbejì á ṣí i, á fi í sílẹ̀ gbayawu, màrúwà á kọjá, èmi á wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú fèrè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a ti ṣe ní pápá ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbí.

Lẹ́yìn náà ni ẹni tó gbé gáàsì wá gbàgbé géètì ní ṣíṣí, láìsí okùn lára Bíńgò. Ajá kan ń kọjá ní òdìkejì, ó sì ti fo gọ́tà kí n tó jáde. Fèrè wà lọ́rùn mi. Kí fíì kẹta tó parí, orí rẹ̀ ti yí. Mo sá sẹ́yìn wọ inú ọgbà, ó tẹ̀ lé mi wọlé, ọwọ́ mi bọ bẹ́líìtì rẹ̀. Mi ò ní ẹ̀dọ̀ lápò, mo wọ kíṣìn lọ mú pańla tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀, mo yọ egungun rẹ̀ kúrò, mo sì fún un. Bàbá onílé rí gbogbo rẹ̀ láti orí àga wọn. Wọ́n ní, "Ó gbọ́ fèrè o."

Ibi tí iṣẹ́ dé

Nínú ọgbà, ní pápá àti lópòópónà wa, ó ń wá. Ní ojú títì tó lọ sí Òjóò, okùn kì í kúrò lára rẹ̀, kò sì sí ìgbà tí mo máa tú u níbẹ̀. Ọkọ̀ Máíkírà kan ṣoṣo tó yára ju fèrè lọ ti tó. Bí abo ajá tó ń wá akọ bá wà ládùúgbò, a máa ń ti géètì, torí mi ò tíì rí ẹ̀dọ̀ tó lè borí ìyẹn. Ẹran kò dúró, mi ò sì ní in lọ́kàn láti dá a dúró. Mo kàn ń pààrọ̀ rẹ̀ ni: ẹ̀dọ̀ lónìí, fùkù lọ́la, nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù tó máa lé.

Ohun tó kù ni oṣù kejìlá. Báńgà táwọn ọmọ ń yìn lásìkò Kérésìmesì ń dẹ́rù ba Bíńgò, ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹun, bí kò bá sì lè jẹun, fèrè kò ní nǹkan tó máa fi san án. A ti gba ìró báńgà sórí fóònù. Kẹ́hìndé ń di fóònù mú ní òpin pálọ̀, èmi ń fún un lẹ́ran ní òpin kejì. Ìró náà ṣì wà ní ìwọ̀n tó kéré jù lọ, a ò sì ní gbé e sókè títí Bíńgò á fi máa jẹun lọ láì gbé etí sókè.